Ọjọ́ kan náà la ra bátìrì, tèmi ló kọ́kọ́ kú

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Oníná. Aránṣọ ni mí ní Ìjẹ̀bú-Òde. Èmi àti aládùúgbò mi tó ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tẹ iṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà la jọ ra ìnfátà lọ́jọ́ kan náà. Bátìrì méjì méjì la rà, 200 áńpù, irú kan náà, ẹnì kan náà ló sì bá wa tò ó. Tèmi kò ju oṣù mẹ́rìnlá lọ tó fi di pé kò lè gbé iná fún ogún ìṣẹ́jú. Tirẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ bí ọjọ́ tí wọ́n gbé e dé. Ẹni tó tò ó fún wa ní ká máa jẹ́ kó tán pátápátá ká tó ṣájì, kí bátìrì má baà ya ọ̀lẹ. Èmi tẹ̀lé e, aládùúgbò mi kò dá a lóhùn. Ṣé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà, àbí ayédèrú ni wọ́n tà fún mi? Ṣé kí n kúkú lọ ra lítíọ̀mù?

Ìdáhùn: Màmá, ẹ kú ìdààmú. Kí n tó jókòó kọ èsì yìí mo pè yín lórí fóònù, mo sì béèrè ohun mẹ́ta: kí lẹ ń fi iná náà ṣe, aago mélòó ni ìnfátà máa ń kú, àti pé tó bá ti kú, ìgbà wo ni NEPA máa ń dé. Ohun tí ẹ sọ ló jẹ́ kí n mọ̀ pé kì í ṣe ayédèrú. Bátìrì yín àti ti aládùúgbò yín, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ilé ọkọ tí wọ́n lọ ni kò jọra.

Ẹ ní áyọ́ọ̀nù 1,000 wáàtì lẹ fi ń lọ aṣọ. Ẹ̀rọ ìránṣọ ńlá méjì wà ní ṣọ́ọ̀bù, mọ́tò oníkílọ́ọ̀ṣì ló wà nídìí méjèèjì. Tó bá wá ku oṣù méjì kí Ojúde Ọba dé, tí àwọn regbérégbé bá ti kó aṣọ wá, ẹ kì í sùn kí aago kan òru tó lù. Ìnfátà á ké títí á fi pa ara rẹ̀, ẹ óò tan tọ́ọ̀ṣì, ẹ óò parí ọrùn aṣọ tó wà lọ́wọ́, ẹ óò lọ sùn. NEPA lè má dé títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì, tó bá sì dé, wákàtí mẹ́rin ni. Aládùúgbò yín ní tirẹ̀, kọ̀ǹpútà alágbèéká méjì ló ní, pẹ̀lú fáànù kan àti gílóòbù mẹ́ta. Ìgbà tí iná NEPA bá wà ló ń tẹ ìwé jáde. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ti bá a nílé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo inú bátìrì náà. Bátìrì 12 fóòtì (fóòtì ni ipá tó ń ti iná, áńpù ni bí iná tó ń ṣàn ṣe pọ̀ tó) ní ojúlé mẹ́fà, ojúlé kọ̀ọ̀kan ń mú fóòtì méjì àti díẹ̀ wá. Òjé ló wà níbẹ̀ nínú omi ásíìdì, kò sì fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí èyí tí Gaston Planté, ará Faransé, ṣe ní 1859. Bí ẹ ṣe ń fa iná jáde, imí-ọjọ́ tó wà nínú ásíìdì ń kúrò nínú omi, ó ń lọ lẹ̀ mọ́ òjé, ó ń di ohun funfun kan lára pẹlẹbẹ. Omi tó ṣẹ́ kù á máa fúyẹ́. Tí ẹ bá ṣájì, ohun funfun yẹn á túká, imí-ọjọ́ á padà sínú omi, ásíìdì á tún mú. Àlọ àti àbọ̀ imí-ọjọ́ yìí ni gbogbo iṣẹ́ tí bátìrì ń ṣe láyé. Bí ẹ ṣe rán an lọ, ibi tí ẹ rán an dé, àti bó ṣe pẹ́ tó kó tó padà, ohun tó yà yín sọ́tọ̀ sí aládùúgbò yín nìyẹn.

Ẹ gbé nọ́ńbà 200 tó wà lára rẹ̀ yẹ̀ wò. Lára ọ̀pọ̀ bátìrì, ohun tó túmọ̀ sí ni pé ilé-iṣẹ́ fi 10 áńpù fà á, láìdín, láìlé, fún ogún wákàtí, kó tó wálẹ̀ dé 10.5 fóòtì. Mẹ́wàá lọ́nà ogún, igba. Ẹ máa rí C20 tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà náà. Tó bá jẹ́ C10, wákàtí mẹ́wàá ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Áyọ́ọ̀nù yín kò mọ 10 áńpù. Tí ẹ bá ro ohun tí ìnfátà fúnra rẹ̀ ń jẹ mọ́ 1,000 wáàtì, bí 49 áńpù ló ń fà nínú bátìrì méjèèjì tí a so tẹ̀lé ara wọn di 24 fóòtì. Ìṣirò tí a kọ́ nílé-ìwé á sọ pé ká pín 200 sí ọ̀nà 49, ó lé ní wákàtí mẹ́rin. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bóyá ni á fi pé mẹ́ta. Wilhelm Peukert, ará Jámánì, ló gbé ìlànà rẹ̀ jáde ní 1897: bí ẹ bá ṣe ń yára fa bátìrì òjé tó, bẹ́ẹ̀ ni ohun tí ẹ máa rí nínú rẹ̀ á ṣe máa dín kù. Lára bátìrì bíi tiyín, 200 lè di bí 145 lọ́wọ́ áyọ́ọ̀nù.

Níbo ni èyí tó kù wọlé sí? Kò wọlé síbì kankan, inú ibẹ̀ ló wà. Òjé inú bátìrì ní ihò wẹ́wẹ́ bíi búrẹ́dì, inú ihò yẹn ni ásíìdì ti ń ṣiṣẹ́. Tí ẹ bá rọra fà, ásíìdì tuntun á ráyè rìn wọ inú ihò dípò èyí tó ti lò tán. Tí ẹ bá fà á lójijì, tinú ihò á tán kí tìta tó dé, bí ìgbà tí èrò há sẹ́nu ọ̀nà tóóró kan lọ́jọ́ ọjà. Fóòtì á já, ìnfátà á rò pé oúnjẹ ti tán nínú ìkòkò, á pa ara rẹ̀. Ìdí rèé tó fi jẹ́ pé tí ẹ bá pa á, tí ẹ jẹun tán, tí ẹ tún tàn án lẹ́yìn ìdajì wákàtí, á tún bá yín ṣe ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ásíìdì ti ráyè wọlé ni. Ẹ má ka ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn sí èrè o. Inú ìsàlẹ̀ ìkòkò lẹ ti ń bù ú.

Ooru tún wà níbẹ̀. Ooru tí iná ń dá sílẹ̀ nínú bátìrì kì í ṣe ìwọ̀n kan pẹ̀lú iná náà. Tí iná bá di ìlọ́po márùn-ún, ooru á di ìlọ́po mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ìyẹn ni pé láti 10 áńpù sí 49, inú bátìrì kúrò ní ilé tí a ń gbé, ó di ilé ìdáná. Gbogbo wáyà àti ibi tí wáyà ti so mọ́ orí bátìrì ń jẹ nínú ìyà yìí pẹ̀lú. Ẹ fi ọwọ́ kan orí bátìrì nígbà tí áyọ́ọ̀nù bá wà lẹ́nu iṣẹ́. Bí orí kan bá gbóná tí èkejì kò gbóná, ìdè kan ti tú níbẹ̀. (Ẹ bọ́ òrùka àti ẹ̀gbà ọwọ́ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án o.)

Bí ohun èlò ṣe ń jẹ iná tún yàtọ̀ síra, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ iná kì í ṣàlàyé fún oníbàárà. Ohun èlò kan wà tó jẹ́ pé iye kan náà ló ń bù ní gbogbo ìgbà, ó kún o, ó fà o. Bẹ́ẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ ṣe ń dán bátìrì wò, kò sì sí ẹni tó ń lo iná bẹ́ẹ̀ nílé. Òmíràn dà bí ẹnu ẹ̀rọ omi tó ti orí táǹkì wá: bí omi ṣe ń wálẹ̀ nínú táǹkì, bẹ́ẹ̀ ló ń tú jáde díẹ̀díẹ̀. Gílóòbù iwájú ọkọ̀ tí a so mọ́ bátìrì tààrà rí báyìí. Bí fóòtì ṣe ń wálẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ń rẹ̀, ìnira tó ń kó bá bátìrì náà ń fúyẹ́. Ó mọ̀ pé ará ilé ti rẹ̀.

Ìnfátà kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìnfátà dà bí ìyàwó ilé tí wọ́n ti ní dandan ni kí ẹ̀bà kún àwo. Tí gàrí Ìjẹ̀bú rere bá wà nínú àpò, ife méjì á wú, á kún àwo. Tó bá ti kan gàrí ìsàlẹ̀ àpò, tí kò wú mọ́, á di ife mẹ́ta, àwo ṣáà gbọ́dọ̀ kún. Áyọ́ọ̀nù yín fẹ́ 1,000 wáàtì, ìnfátà gbọ́dọ̀ wá a. Bí fóòtì bátìrì bá ṣe ń já, ó ń fi áńpù dí i.

Mo so ó wò ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Ṣágámù lọ́jọ́ kejì tí a sọ̀rọ̀, kí n má baà máa sọ ohun tí mi ò rí. Bátìrì méjì tó kún, áyọ́ọ̀nù 1,000 wáàtì, mítà tó ń gbá wáyà mọ́ra. Kí n tó tẹ̀ ẹ́, bátìrì wà ní 25.2 fóòtì. Bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́, ó já sí 24.1, mítà sì ń ka 49 áńpù. Ọmọ iṣẹ́ mi ń fi í lọ ẹ̀wù tirẹ̀ kí iná má baà ṣòfò. Nígbà tí fóòtì dé 23, mítà ń ka 51. Ó dé 22, ó di 53, ìnfátà bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ẹ rí i bí ó ṣe rí? Ìgbà tí agbára bátìrì dín kù jù ni wọ́n ń béèrè iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ jù. Nítorí náà, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó kẹ́yìn ṣáájú kí ìnfátà kú ló burú jù fún bátìrì yín ní gbogbo alẹ́, ìṣẹ́jú yẹn gan-an sì lẹ ń lò tán lójoojúmọ́ nítorí ìmọ̀ràn “kó tán pátápátá”.

Áyọ́ọ̀nù ṣì ní àánú díẹ̀, torí ó máa ń sinmi. Tó bá ti gbóná dé ibi tí ẹ yí i sí, iná pupa rẹ̀ á kú, bátìrì á mí, ásíìdì á wọ ihò. Fífà tó ń dúró tó ń lọ báyìí sàn fún bátìrì òjé ju kí iná ńlá kan náà máa fà láìsinmi. Ẹni tí mo ń bá jà ni mọ́tò oníkílọ́ọ̀ṣì. Ẹ mọ ìró “hùùù” tó máa ń pa látàárọ̀, kódà nígbà tí ẹni tó ń ràn án lọ jẹun? Mọ́tò náà kò dúró. Kílọ́ọ̀ṣì ni ẹsẹ̀ yín ń tẹ̀, kì í ṣe iná. Mo fi mítà wọn ọ̀kan rí tó ń jẹ ju 150 wáàtì lọ nígbà tí abẹ́rẹ́ kò kan aṣọ rárá. Ẹ ní méjì. Ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá sì tàn án, ó máa ń gbọn bátìrì jìgìjìgì fún ìṣẹ́jú àáyá kan, torí mọ́tò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde lè fa iná ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́fà èyí tó ń jẹ tó bá ti sáré. Tí bátìrì bá ti fà sílẹ̀, ìjìgìjìgì yẹn nìkan ti tó láti pa ìnfátà. Mọ́tò tuntun kan wà tí wọ́n ń pè ní servo, ìgbà tí ẹ bá fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ nìkan ló ń jẹ iná tó jọ nǹkan. Tí ẹ bá ní owó ohun kan ṣoṣo lọ́dún yìí, èmi á ní kí ẹ fi pààrọ̀ mọ́tò kí ẹ tó ronú kan bátìrì ńlá. Ọmọ Rẹ́mọ ni mí, mi ò ní kọ́ ọmọ Ìjẹ̀bú bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ owó, àmọ́ ẹ ṣírò rẹ̀.

Ó wá kan ibi tí ẹ ń fà á dé. Bátìrì tí ẹ bá ń lò dé ìdajì lójúmọ́, tí ẹ ń dá a padà kó kún, lè fún yín ní ìlọ́po méjì iye ìgbà tí èyí tí ẹ ń fà dé ìdá 80 nínú 100 máa fún yín. Ẹ má jẹ́ kí ó rú yín lójú. Ẹni tó ń bu ìdajì ní ìlọ́po méjì ìgbà ti bu odindi kan níbi tí ẹni kejì ti bu ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún. Ẹni tó ń rọra bù ú ló padà jẹ oúnjẹ tó pọ̀ jù. Aládùúgbò yín, bí mo ṣe ṣírò ohun tó ní, bí 7 áńpù ló ń fà. Wákàtí mẹ́jọ, kò tó 60. Kò tíì dé ìdá kan nínú mẹ́ta bátìrì rẹ̀ tó fi tilẹ̀kùn.

Àmọ́ ẹ má wá lọ sọ fún un pé iná kékeré kì í pa bátìrì. Ó ń pa á, ìpa jẹ́jẹ́ sì ni. Ẹ rántí pé áyọ́ọ̀nù máa ń jẹ́ kí ìnfátà yára ké: ó ń kú nígbà tí nǹkan ṣì kù nínú ìkòkò. Gílóòbù kékeré kan kì í já fóòtì lulẹ̀, nítorí náà tí wọ́n bá fi ìnfátà sílẹ̀ sí 21 fóòtì tó bá dé láti ilé-iṣẹ́, gílóòbù á lá ìkòkò náà mọ́ féfé kí fóòtì tó débẹ̀. Nọ́ńbà kan náà, òǹkà méjì. Ẹni tó ń lo iná kékeré ló yẹ kó gbé ibi tí ìnfátà ti ń pa ara rẹ̀ sókè jù: bí 24 fóòtì fún aládùúgbò yín, bí 23 fún ẹ̀yin tí ẹ ní áyọ́ọ̀nù. Níbẹ̀, ẹ̀yin méjèèjì á máa dúró sí nǹkan bí ìdajì.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí èmi alára. Mo lọ ìsìnkú ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ọjọ́ mẹ́ta ni mo dá, mo lo ọjọ́ mẹ́sàn-án. Mo ti so gílóòbù 10 wáàtì kan mọ́ bátìrì 150 ní ẹ̀yìnkùlé tààrà, láìsí ohun tó máa gé e, nítorí olè. Nígbà tí mo dé, 3.8 fóòtì ni mo bá. Gílóòbù tí kò gba áńpù kan pé! Mo fi iná díẹ̀díẹ̀ ṣájì rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin, ìdajì agbára rẹ̀ ni mo rí gbà padà. Olè kò wá o.

Nígbà tí ó kú tán, mo wọ ìbọ̀wọ́, mo da ásíìdì rẹ̀ sínú kẹ̀ẹ̀gì, mo já a wò. Nínú bátìrì tó lálàáfíà, pẹlẹbẹ kan máa ń pọ́n dúdú bíi kòkó tó gbẹ, èkejì á ní àwọ̀ eérú. Tèmi ti funfun kálẹ̀. Mo fi èékánná ha á, ó dún kẹrẹkẹrẹ bí iyanrìn. Ohun funfun tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan nìyẹn. Tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lẹ̀ mọ́ òjé, ó rọ̀, iná ṣájà á tú u ká. Tí ẹ bá fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ láìṣájì, á máa ṣùpọ̀, hóró kéékèèké á di hóró ńlá bí iyọ̀, á le, iná kò ní rí i tú mọ́. Ibi tó bá lẹ̀ mọ́ kò ní ṣiṣẹ́ mọ́ títí láé.

Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ ti wo òru yín. Aago kan ni bátìrì yín kú, aago kan ọ̀sán ọjọ́ kejì ni NEPA dé. Wákàtí méjìlá ló fi dùbúlẹ̀ lófìfo, lójoojúmọ́, fún oṣù méjì. Lẹ́yìn náà, ẹ fún un ní wákàtí mẹ́rin. Ṣájà inú ìnfátà yín ń fún un ní 20 áńpù. 20 lọ́nà mẹ́rin, 80, díẹ̀ sì máa ń ṣòfò níbẹ̀. Kò tíì dé ìdajì tí ẹ fi tún bẹ̀rẹ̀ sí í fà á. Bátìrì òjé sì ní ìwà kan: ìdá 80 àkọ́kọ́ máa ń yá, ìdá 20 tó kẹ́yìn kì í kánjú, wákàtí mélòó kan ló ń gbà bí ẹ tilẹ̀ gbé ṣájà ńlá fún un, torí pé fúnra rẹ̀ ló ń dín iye tó ń gbà kù. Ìdá 20 yẹn gan-an ló ń tú hóró funfun inú kọ̀rọ̀. Tí ọ̀sẹ̀ bá wá ń gorí ọ̀sẹ̀ láìjẹ́ kí bátìrì kún rí, kò sí bí kò ṣe ní kú, ì báà ṣe wúrà. Àwọn tó wà ní Band A, tó yẹ kí wọ́n máa rí ó kéré tán wákàtí 20 lójúmọ́, lè má mọ̀ pé irú ìyà yìí wà. Ẹni tí kò sí níbẹ̀ gbọ́dọ̀ wá sólà, tàbí kó tan jẹnẹrétọ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún odindi ọjọ́, nítorí àtijẹ́ kó kún nìkan.

Ọ̀rọ̀ “kí bátìrì má baà ya ọ̀lẹ” kì í ṣe irọ́ pátápátá, ilé ẹlòmíràn ni wọ́n ti gbé e wá. Bátìrì onínikẹ́lì àti kádímíọ̀mù, irú èyí tó wà nínú fóònù àti rédíò alágbèéká àtijọ́, lè dà bí ẹni pé ó ń rántí ibi tí ẹ máa ń dúró sí, kó má fẹ́ kọjá ibẹ̀ mọ́. Wọ́n ní kí a máa fà á tán lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì tọ́ fún un. Àwọn oníṣẹ́ kan gbọ́ ọ nígbà náà, wọ́n rò pé gbogbo ohun tó ń jẹ́ bátìrì ló jẹ́ bẹ́ẹ̀. Májèlé ni fún òjé. Kò sì dára fún fóònù òde òní, lítíọ̀mù ló wà nínú rẹ̀. Fóònù tí ẹ bá ń lò láàárín 20 sí 80 nínú 100 lójoojúmọ́ á pẹ́ ju èyí tí ẹ ń fà dé òdo.

Ẹ tún ní abẹ́ páànù ni bátìrì yín wà, kò sí síìlì. Ẹ gbé e kúrò níbẹ̀. Ìwọ̀n ooru 25 ni wọ́n fi ń ṣírò ẹ̀mí rẹ̀. Tó bá jẹ́ 35 ló ń gbé, bí ìdajì ẹ̀mí náà ló máa lọ.

Báyìí, èyí tó wà nílẹ̀ ńkọ́? Ẹ má tíì gbé e fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Ẹ tú méjèèjì kúrò lára ara wọn, ẹ ṣájì ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ pẹ̀lú iná díẹ̀, bí 5 áńpù, fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ wo omi rẹ̀. Tí òjé bá ti yọrí sókè, ẹ fi omi bátìrì bò ó díẹ̀, kì í ṣe omi kànga, kì í ṣe ásíìdì. Tó bá kún tán ni kí ẹ tó dé ojú ìlà. Kí fèrèsé ṣí, kí ẹnikẹ́ni má sì gbé áyọ́ọ̀nù elédùú wọ ibẹ̀, torí atẹ́gùn tí bátìrì tó ń gba iná ń tú jáde máa ń bú gbàmù. Ẹ má ra oògùn tí wọ́n ń dà sínú bátìrì pé ó ń jí òkú. Èmi ti rà á lẹ́ẹ̀mejì. Ẹnu ló ń jí.

Tó bá ti sinmi fún wákàtí méjì ó kéré tán, láìsí ohunkóhun lára rẹ̀, ẹ fi mítà wọ̀n ọ́n. Bí 12.7 ni bátìrì tó kún, bí 12.2 ni ìdajì, tó bá wà ní 11.8 ó ti tán. Mítà yìí kò wúlò nígbà tí iná bá ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì ń fi ibẹ̀ tan ara wọn jẹ. Ohun tí mo tún gbẹ́kẹ̀ lé jù ú lọ ni háídírómítà, gíláàsì onírọ́bà tí wọ́n fi ń fa omi inú ojúlé wò. Kò wọ́n. Tí gbogbo ojúlé bá ń sún mọ́ ara wọn, tí wọ́n kàn fúyẹ́, ìrètí díẹ̀ wà. Tí márùn-ún bá dára tí ọ̀kan sì fúyẹ́ bí omi lásán, ojúlé yẹn ti kú, bátìrì náà ti tán. Ẹ má wá ra ẹyọ kan tuntun kí ẹ so ó mọ́ àgbàlagbà tó kù o. Nígbà tí àgbàlagbà bá ti tán, tuntun á ṣì máa ti iná gba inú rẹ̀ kọjá, á sọ òkè rẹ̀ di ilẹ̀, àwọn méjèèjì á sì jọ bàjẹ́.

Ní ti lítíọ̀mù, irú tí wọ́n ń pè ní lithium iron phosphate ni kí ẹ béèrè. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí John Goodenough, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta tó gba ẹ̀bùn Nobel ti kẹ́místírì ní 2019, ló gbé e jáde láàárín ọdún 1990 sí 2000. Ó bá iṣẹ́ aránṣọ mu gan-an. Áyọ́ọ̀nù kò fi bẹ́ẹ̀ gé agbára rẹ̀ kù bíi ti òjé. Fóòtì rẹ̀ kì í já títí tó fi kù díẹ̀ kó tán, nítorí náà ìnfátà kì í sọ ọ́ di ife mẹ́ta. Ó lè wà ní ìdajì fún ọ̀sẹ̀ kan láìjẹ́ pé nǹkan funfun kankan le sára rẹ̀. Ẹ lè lo ìdá 80 nínú rẹ̀ lójúmọ́, á sì ṣe é ní ẹgbẹ̀rún ìgbà mélòó kan. Ohun tí oníṣòwò kì í sọ fún yín ni pé ẹ kò nílò 200. Bátìrì òjé yín méjèèjì jọ ní bí 4,800 wáàtì-wákàtí, ìdajì lẹ lè fà láìdá ara yín lóró, 2,400 nìyẹn. Lítíọ̀mù kan ṣoṣo tó jẹ́ 25.6 fóòtì, 100 áńpù, ní 2,560, ìdá 80 rẹ̀ sì lé ní 2,000. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ iṣẹ́ kan náà. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi “200 fún 200” gba owó lọ́wọ́ yín.

Lítíọ̀mù náà ní ìbínú tirẹ̀. Ẹ bi ẹni tó ń tà á léèrè áńpù mélòó ni BMS rẹ̀ lè gbé lẹ́ẹ̀kan náà. BMS ni ọlọ́pàá kékeré inú bátìrì tó ń gé iná. Tó bá ní 50, áyọ́ọ̀nù yín nìkan ti gbà á tán, mọ́tò kan bá dìde báyìí, gbogbo ṣọ́ọ̀bù á ṣókùnkùn. Ó kéré tán 100 ni kí ẹ gbà. Ẹ má so ó pọ̀ mọ́ bátìrì òjé. Kí wọ́n yí ìnfátà sí ìlànà lítíọ̀mù, torí ìlànà òjé máa ń ní ibi tó ti ń ti fóòtì sókè láti tú hóró funfun, lítíọ̀mù kò sì ní hóró kankan. Mítà fóòtì kò sì lè sọ fún yín pé ó ku mélòó, nítorí fóòtì rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró síbì kan. Ojú BMS tàbí mítà tó ń ka áńpù tó wọlé àti èyí tó jáde ni kí ẹ máa wò.

Tí kò bá sí owó lítíọ̀mù báyìí, ẹ ra òjé, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ẹ kó gbogbo aṣọ tí ẹ fẹ́ lọ jọ de ìgbà tí NEPA bá dé, ẹ fi áyọ́ọ̀nù elédùú ran ara yín lọ́wọ́ lóru, ẹ pa mọ́tò tí kò sẹ́ni nídìí rẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé ìnfátà sí 23. Tó bá ké, ẹ jẹ́ kó sinmi. Oníbàárà tó bá ní dandan aṣọ òun gbọ́dọ̀ jáde lóru yẹn, kó san owó epo jẹnẹrétọ̀.

Kí ẹ tó san owó fún ẹnikẹ́ni, ẹ kọ ohun tí háídírómítà bá kà nínú ojúlé méjèèjìlá sórí ìwé, mẹ́fà fún bátìrì àkọ́kọ́, mẹ́fà fún èkejì, kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi.